Ọ̀rọ̀ òyìnbó inú show jumping: ìbéèrè tí ẹ̀ ń bi wá ṣáá àti ìdáhùn wọn

Kí tiẹ̀ ni show jumping? Ṣé eré ìje ẹṣin náà kọ́?

Rárá o. Nínú eré ìje, gbogbo ẹṣin ló jọ ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló gbà á. Nínú show jumping, ẹṣin kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, òun àti ẹni tó gùn ún á máa fo àwọn ìdènà tí wọ́n tò sílẹ̀, nọ́ńbà 1, nọ́ńbà 2, títí tó fi máa tán, kò gbọ́dọ̀ fo 5 kó tó fo 4, ẹni tó bá fò ó tán tí ọ̀pá kankan ò bọ́ sílẹ̀ láàárín àsìkò tí wọ́n fún un ló ṣe dáadáa. Kò sí ẹni tó ń fún wọn ní máàkì fún ẹwà, torí náà ẹ má fi ojú ẹṣin Ojúde Ọba Ìjẹ̀bú-Òde wò ó.

Èyí tí ẹṣin ti ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni ń jó, tí jọ́ọ̀jì ń fún ní máàkì, dressage ni wọ́n ń pè é. Eventing ló pa mẹ́ta pọ̀: dressage, cross-country tí wọ́n ń fò nínú pápá àti igbó, àti show jumping fúnra ẹ̀. Tàwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin, polo nìyẹn, Lagos Polo Club ti wà láti 1904, òun ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ jù níhìn-ín.

Ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin fún show jumping lágbàáyé ni FEI, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1921, Lausanne ní Switzerland ni ọ́fíìsì wọn wà. Òfin FEI ni mo ń tẹ̀ lé nínú gbogbo ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí, àwọn ìdíje kéékèèké lè yí i díẹ̀.

Ṣé jockey la máa pe ẹni tó gun ẹṣin ọ̀hún?

Rider ni o. Jockey, ti eré ìje ni, tẹ́ ẹ bá pe rider show jumping ní jockey ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ pé ẹ ò sí nínú ìdílé. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń di gàárì mọ́ ọn, groom nìyẹn. Ẹni tó ń kan irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ni farrier. Course designer ló ń ya bí wọ́n ṣe máa to àwọn ìdènà, iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni, òun gan-an ni alátakò tí gbogbo rider ń bá jà lọ́jọ́ náà. Steward ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹṣin níbi tí wọ́n ti ń gbára dì, judge ló ń ka àṣìṣe.

Ọkùnrin àti obìnrin jọ ń díje ni, kò sí tọkùnrin lọ́tọ̀ tobìnrin lọ́tọ̀. Láti 1956 làwọn obìnrin ti ń fò ní Olympics, Pat Smythe ará Ìlú Ọba wà nínú tím tó gba bronze lọ́dún yẹn.

Walk, trot, canter, gallop, kí ni ìyàtọ̀?

Walk ni kó máa rìn jẹ́jẹ́. Trot ni èyí tó ń gbọn ẹni sókè sódò, ẹsẹ̀ méjì-méjì ló ń bá ara wọn lọ, tọ̀tún iwájú pẹ̀lú tòsì ẹ̀yìn, ẹ máa gbọ́ kọ̀-kọ̀, kọ̀-kọ̀. Canter ni eré tó rọra ń yí, kọ̀-kọ̀-kọ̀ kó tó dákẹ́ díẹ̀, òun ni wọ́n fi ń fo ìdènà. Gallop ni eré gidi. Nínú show jumping canter lẹ máa gbọ́ jù, mẹ́ta yòókù ẹ kàn mọ̀ wọ́n.

Mare, gelding, stallion, èwo lakọ èwo labo?

Mare ni abo. Stallion ni akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá. Gelding ni akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, wọ́n pọ̀ gan-an nínú eré yìí torí pé ara wọn máa ń balẹ̀. Ẹ pe e ní gẹ́ẹ́dìn, g ti gaàrí, ẹ má pè é ní jẹ́ẹ́dìn. Foal ni ọmọ ẹṣin, colt ni ọmọ akọ, filly ni ọmọ abo. Pony kì í ṣe ọmọ ẹṣin o, àgbà ni, ó kàn kúrú ni: ìdíje FEI ò gba pony tó bá ga ju 148 sẹ́ńtímítà láì wọ irin ẹsẹ̀.

Nípa àwọ̀: bay ni ẹṣin pupa rẹ́súrẹ́sú tí gọ̀gọ̀ àti ìrù ẹ̀ dúdú, chestnut ni èyí tó pupa látòkè délẹ̀ tí gọ̀gọ̀ ẹ̀ náà pupa. Ẹṣin tó funfun lójú yín, grey ni wọ́n máa pè é.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ he àbí she fún ẹṣin, ṣé kì í ṣe it fún ẹranko ni?

Tíṣà tó kọ́ wa ní ilé ìwé ò parọ́, àmọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin kì í lo it rárá. Gelding àti stallion ni he, mare ni she. Ibi tó ti máa ń rú àwa Yorùbá lójú ni pé ó lè jẹ́ rider ni wọ́n ń pè ní she tí wọ́n sì ń pe ẹṣin ní he nínú gbólóhùn kan náà, èdè tiwa ò pín in bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ àti irú ẹṣin tó bá jáde lójú tẹlifíṣọ̀n kí ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn nǹkan tí ẹṣin ń fò yẹn ńkọ́, ṣé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́?

Orúkọ gbogbogbò ni fence, obstacle àbí jump, ẹ lo èyí tó bá wù yín. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá pín sí oríṣiríṣi, ibi tó sì yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ nìyí torí òun ni wọ́n ń dárúkọ jù.

Vertical ni èyí tí ọ̀pá tò lórí ara wọn lóòró, kò ní ìbú kankan, àwọn ará Ìlú Ọba tún máa ń pè é ní upright. Ó dà bíi pé ó rọrùn, àmọ́ òun gan-an ló ń da ẹṣin tó bá ta dé ibẹ̀ láàmú. Oxer ni ọ̀pá ti iwájú àti ọ̀pá ti ẹ̀yìn pẹ̀lú àlàfo láàárín, ẹṣin gbọ́dọ̀ ga kó sì tún nà. Tí iwájú àti ẹ̀yìn bá ga dọ́gba, square oxer nìyẹn, tí tẹ̀yìn bá fi díẹ̀ ga jù, ascending oxer, èyí yẹn rọ ẹṣin lọ́rùn. Swedish oxer ni èyí tí ọ̀pá iwájú dà sí apá kan tí tẹ̀yìn dà sí apá kejì, tẹ́ ẹ bá wò ó láti iwájú ẹ máa rí lẹ́tà X. Triple bar ni ọ̀pá mẹ́ta tó ń ga díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó fẹ̀ gan-an àmọ́ ẹṣin kì í sábà bẹ̀rù ẹ̀.

Wall dà bí ògiri lóòótọ́ àmọ́ búlọ́ọ̀kù fífúyẹ́ ni wọ́n tò, tí ẹṣin bá kàn án á ṣubú. Planks ni pákó pẹlẹbẹ, ohun tó gbé e ró tẹ́ bẹẹrẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí fífọwọ́kàn díẹ̀ á fi gbé e balẹ̀, ẹ máa gbọ́ tí àwọn èèyàn máa ṣe yéè tí planks bá wà ní ìparí. Water jump ni omi tó tẹ́ lọ, níbi ìdíje ńlá ó lè tó mítà 4. Liverpool náà ní omi, àmọ́ omi kékeré ni wọ́n gbé sábẹ́ ọ̀pá, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì: ní water jump, tí ẹsẹ̀ ẹṣin bá kan omi àbí igi funfun tí wọ́n fi sí etí ẹ̀, fault 4 ni (fault ni ìjìyà, a máa dé orí ẹ̀ nísàlẹ̀), ní Liverpool, ẹsẹ̀ tó kan omi ò kan jọ́ọ̀jì, ọ̀pá nìkan ni wọ́n ń wò.

Combination ni ìdènà méjì àbí mẹ́ta tó sún mọ́ra tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, 7A, 7B, 7C. Méjì ni double, mẹ́ta ni triple. Láàárín ọ̀kan sí èkejì ò ju mítà 7 sí 12 lọ.

Pole, rail, cup, wing, flag, èwo nìyẹn?

Pole ni ọ̀pá gígùn, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní rail. Cup ni irin kékeré tó tẹ̀ kòtò tí wọ́n gbé ọ̀pá lé, wing àbí standard ni ohun tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí wọ́n fi cup sí. Flag pupa gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rider, funfun lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá gba òdìkejì fò ó ti jáde nìyẹn, kódà kó fò ó dáadáa.

Kí ni fault? Kí ló dé tẹ́ni tó ní 0 fi ń gba wúrà?

Fault ni ìjìyà, kì í ṣe èrè, torí náà ẹni tó bá ní kékeré ló wà níwájú. Ọ̀pá tó bá bọ́, fault 4, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní knockdown, rail down àbí pole down. Ẹṣin tó bá kọ̀ nígbà àkọ́kọ́, fault 4. Tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti jáde. Tí rider bá já bọ́ àbí ẹṣin fúnra ẹ̀ ṣubú, ó ti jáde, kò sí àtúnṣe. Torí ìyẹn lẹ ṣe máa ń rí i tí àwọn nọ́ńbà inú ẹ̀ jẹ́ 0, 4, 8, 12, tẹ́ ẹ bá wá rí 1, 5 àbí 9 ẹ mọ̀ pé àsìkò ti kó bá a.

Fífọwọ́kàn lásán kì í ṣe fault. Kí ọ̀pá jó nínú cup ẹ̀ kó sì padà sùn, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Rub lẹ máa gbọ́ pé wọ́n ń pe ìyẹn.

Refusal àti run-out, ṣé ọ̀kan náà kọ́?

Ìjìyà wọn ọ̀kan náà ni, ìṣe wọn ló yàtọ̀. Refusal ni kó dé iwájú ìdènà kó dúró gbàgìdì. Run-out ni kó yà bàrá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ tún máa gbọ́ stop, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún refusal ni, he had a stop, ó kọ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ pátá ni ìwé òfin kó sábẹ́ disobedience, àìgbọràn, títí kan kí ẹṣin máa yí po lójú kan.

Tó bá kọ̀ nínú combination, ká ní B ló kọ̀, ó gbọ́dọ̀ padà lọ fo A lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á máa pariwo pé kí ló padà lọ ṣe.

Time allowed àti time limit, ó ń dà mí rú.

Time allowed ni àsìkò tí wọ́n fún yín. Wọ́n á wọn bí ọ̀nà ṣe gùn tó, wọ́n á pín in fún eré tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sá, ká ní ọ̀nà jẹ́ mítà 500, eré sì jẹ́ mítà 375 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá 80 ni time allowed. Tẹ́ ẹ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kọjá ẹ̀, fault 1 ti wọlé, time fault nìyẹn. Time limit ni ìlọ́po méjì time allowed, 160 nínú àpẹẹrẹ wa yìí, ẹni tó bá kọjá ìyẹn ti jáde.

Bell ni agogo tí wọ́n á lù. Tí agogo bá dún, rider ní ìṣẹ́jú àáyá 45 láti gba ojú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ kọjá, tí 45 bá pé tí kò tíì lọ, aago á bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kí agogo tó dún ti jáde. Ó dùn ún rí fún ẹni tó ń wò, kò dùn fún ẹni tó gun ẹṣin.

Clear round àti jump-off?

Clear round ni kó fò ó tán láìní fault kankan, ti àsìkò náà kún un. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, double clear. Tí àwọn tó ṣe clear bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á ní jump-off, ìyẹn ni pé ìdènà á dín kù, wọ́n á lè gbé díẹ̀ nínú wọn ga sí i, aago ló sì máa ṣèdájọ́: fault kékeré lákọ̀ọ́kọ́, tó bá dọ́gba, ẹni tó yára jù.

Ọgbọ́n wà nínú jump-off. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ẹni tó kẹ́yìn wọlé ti mọ àsìkò tó fẹ́ lé, ẹni àkọ́kọ́ ń sáré nínú òkùnkùn. Ní Versailles, níbi Olympics Paris 2024, èèyàn mẹ́ta péré ló dé jump-off ìdíje ẹlẹ́nìkan: Christian Kukuk ará Jámánì lórí Checker 47, Steve Guerdat ará Switzerland, Maikel van der Vleuten ará Netherlands. Kukuk nìkan ni ọ̀pá ẹ̀ ò bọ́, òun ló gba wúrà. Ẹ lọ wá fídíò ẹ̀, ẹ wò ó pẹ̀lú ohùn, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lókè yìí lẹ máa gbọ́ níbẹ̀.

Girth, bridle, bit, martingale: ẹ bá mi sọ gbogbo ohun tí ẹṣin ń wọ̀.

Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ni tack, kẹ́ ẹ dì í mọ́ ọn ni tack up. Saddle ni gàárì, girth ni ìgbànú tó gba abẹ́ ikùn tó mú gàárì dúró. Bridle ni gbogbo okùn orí, bit ni irin tó wọ ẹnu, reins ni okùn tí rider dì mú, àwa ń pe gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìjánu láìpín in, torí náà ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ lóyìnbó. Stirrup ni irin tí rider ki ẹsẹ̀ bọ̀. Martingale ni okùn tó gba àyà wá tí kì í jẹ́ kí ẹṣin gbé orí ga jù. Spur ni kẹ́sẹ́. Stud ni irin ṣóńṣó tí wọ́n ń dè mọ́ irin ẹsẹ̀ ẹṣin kó má baà yọ̀ lórí koríko.

Boots níbí kì í ṣe bàtà o, ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojúgun ẹṣin ni. Near side ni ẹ̀gbẹ́ òsì ẹṣin, off side ni ọ̀tún, òsì la sì ti ń gùn ún.

Mo fẹ́ wá iṣẹ́ groom lókè òkun, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n máa bi mí?

Ẹ̀yin ọmọ FUNAAB tẹ́ ẹ wà ní Vet lẹ ń béèrè èyí jù, pẹ̀lú àwọn bọ̀ọ̀dá tó ń fa ẹṣin lọ sóde ìnáwó. Ọ̀rọ̀ inú ìdíje ò ní ṣe yín láǹfààní tó àwọn wọ̀nyí: muck out ni kẹ́ ẹ kó ìgbẹ́ àti koríko tó ti rin kúrò nínú ilé ẹṣin, turn out ni kẹ́ ẹ tú u síta sínú pápá, bring in ni kẹ́ ẹ mú u wọlé, lunge, wọ́n ń pè é lọ́ńjì, ni kẹ́ ẹ fi okùn gígùn mú un kó máa sáré yí yín ká, hack ni kẹ́ ẹ gùn ún jáde lọ gba afẹ́fẹ́, kò sí fífò, cool down ni kẹ́ ẹ mú un rìn títí ara ẹ̀ á fi tutù. Rug ni aṣọ tí wọ́n ń dà bò ó, blanket ní Amẹ́ríkà. Yàrá ẹ̀ ni box àbí stable ní Ìlú Ọba, stall ní Amẹ́ríkà.

Sound ni ẹṣin tí ara ẹ̀ dá, lame ni èyí tó ń tiro. Trot up àbí jog ni kẹ́ ẹ mú un sáré níwájú dókítà ẹranko kó wò ó bóyá ó ń tiro. Tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí dáadáa ẹ ti ṣe ju ọ̀pọ̀ lọ, torí ẹni tí ò lè sọ pé he's lame on the near fore, ẹsẹ̀ iwájú tòsì ló ń tiro, ní kíá ò wúlò fún ọ̀gá kankan láago márùn-ún ìdájí.

Wọ́n ní ẹṣin kan ga ní 16.2 hands, ṣé ìdá kan nínú márùn-ún hand ni .2 yẹn?

Rárá, ọ̀fìn tí gbogbo èèyàn ń jìn sí nìyẹn. Hand kan jẹ́ ínṣì 4, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì kékeré yẹn ni iye ínṣì tó ṣẹ́ kù. 16.2 jẹ́ hand 16 àti ínṣì 2, ínṣì 66 lápapọ̀, nǹkan bíi 168 sẹ́ńtímítà. Torí náà kò lè sí 16.4 láéláé, ó ti di 17 nìyẹn. Èjìká ni wọ́n ń wọ̀n dé, ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, withers lorúkọ ẹ̀, wọn kì í wọn orí.

Òyìnbó Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà, èwo ni kí n lò?

Èyí tó bá wù yín, ẹ ṣáà má pa wọ́n pọ̀ nínú lẹ́tà kan. Ibi tí ẹṣin ti ń gbára dì, collecting ring ni ní Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà ń pè é ní warm-up ring àbí schooling ring. Ọ̀kan tó le ni hunter: ní Amẹ́ríkà, hunter ni ìdíje fífò tí wọ́n ti ń fún ẹṣin ní máàkì lórí bó ṣe rẹwà tó lójú fífò, jumper ni tiwa tí wọ́n ti ń ka fault. Ẹni tó bá ní òun ń gun hunters kò sọ pé òun ń ṣọdẹ.

Kí ni stride? Wọ́n ń sọ ọ́ ṣáá, five strides, six strides.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ju orúkọ gbogbo ìdènà lọ. Àwọn tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ rò pé orí ìdènà ni wọ́n ti ń borí, irọ́ ni, àárín ìdènà kan sí èkejì ni ọ̀rọ̀ wà. Stride ni ìgbésẹ̀ canter kan, látìgbà tí ẹsẹ̀ kan balẹ̀ títí ẹsẹ̀ yẹn á tún fi balẹ̀, nǹkan bíi mítà 3.6, ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí èèyàn bá fẹ́ fo gọ́tà ní Ìtòkú tí ẹrù wà lórí ẹ̀, kó tó dé etí ẹ̀ ló ti ń ṣírò ẹsẹ̀ tó máa fi gbé e, tó bá ṣì í á ta gìrìgìrì létí gọ́tà àbí kó fi ẹsẹ̀ kan bọ inú ẹ̀. Ohun tí rider ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ló ń ṣírò.

Distance ni àlàfo láàárín ìdènà méjì. Tó bá jẹ́ mítà 18, stride 4 ló máa gbà, torí ìdajì stride lọ fún bíbalẹ̀ ìdajì lọ fún gbígbéra. Mítà 21.6, stride 5. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ẹ máa rí àwọn rider tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri láìsí ẹṣin, course walk nìyẹn, ẹsẹ̀ èèyàn 4 ni wọ́n fi ń ka stride kan.

Course designer tó gbọ́n kì í to mítà 21.6 sílẹ̀ báyìí. Á tò ó sí mítà 20.5 àbí 22.5, á wá di pé kí rider pinnu: ṣé kó fa ẹṣin sẹ́yìn ni àbí kó tú u sílẹ̀. Related distance ni wọ́n ń pe ìdènà méjì tó wà ní ìsopọ̀ báyìí. To add ni kó fi stride kan kún un, to leave one out ni kó yọ ọ̀kan kúrò. Nínú jump-off, ẹni tó bá leave one out ló sábà máa ń gbà á, òun náà ló sì sábà máa ń já ọ̀pá.

Deep, long, chip, scope, careful, green: kí ni wọ́n ń sọ?

Deep ni kó sún mọ́ ìdènà jù kó tó gbéra. Long ni kó gbéra láti ọ̀nà jíjìn. Chip ni kó já stride kékeré kan wọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn torí ó ti ṣì í ṣírò. Spot ni ojú ibi tó ti gbéra, she saw a good spot, ó mú ibi tó dáa.

Scope ni agbára tí ẹṣin ní láti ga àti láti nà, scopey ni ẹṣin tó ní in. Careful ni ẹṣin tí kò fẹ́ kí ọ̀pá kan òun rárá, ìyìn ńlá ni, kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù. Spooky ni èyí tó ń bẹ̀rù òjìji àti òdòdó. Fresh ni èyí tí agbára ń gùn. Green ni ẹṣin tí kò tíì mọ nǹkan púpọ̀, àwọ̀ ẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Wrong lead àti flying change?

Nínú canter, ẹsẹ̀ iwájú kan máa ń ṣáájú èkejì, ìyẹn ni lead. Tó bá ń yà sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló yẹ kó ṣáájú, right lead, bí tòsì bá ṣáájú wrong lead nìyẹn, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ ní ìkọ́nà. Flying change ni kó pààrọ̀ ẹsẹ̀ láì dúró. Kì í ṣe fault, jọ́ọ̀jì ò kà á, àmọ́ ẹṣin tó wà lórí wrong lead á dé ìdènà tó kàn pẹ̀lú canter tó ti bàjẹ́.

Puissance, Six Bars, Derby, Nations Cup, Grand Prix?

Puissance, ẹ pè é ní pwíìsọ́ọ̀nsì, ni ìdíje gíga, wọ́n á máa gbé wall ga sí i ní round kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ga jù títí dòní ni 2.40m, Franke Sloothaak ló fò ó lórí Optiebeurs Golo ní 1991. Ti ìta gbangba yàtọ̀, Captain Alberto Larraguibel lórí Huaso, 2.47m, ní Viña del Mar ní Chile, oṣù kejì 1949, kò tíì sẹ́ni tó kọjá ẹ̀. Six Bars ni vertical mẹ́fà tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ìlà kan.

Derby nínú eré yìí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú eré ìje, ọ̀nà gígùn ni tí òkè àti kòtò wà nínú ẹ̀, èyí tó lókìkí jù ni ti Hickstead ní Ìlú Ọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Nations Cup ni ti tím orílẹ̀-èdè. Grand Prix ni ìdíje tó tóbi jù ní ibi eré kan. Ní speed class, ìdíje ìyára, wọ́n lè sọ ọ̀pá tó bọ́ di ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á fi kún àsìkò yín, torí náà ẹni tó já ọ̀pá ṣì lè gbà á.

Lójú pátákó èsì mo rí EL, RET àti WD, ṣé gbogbo wọn ni wọ́n lé jáde?

EL nìkan ni wọ́n lé, eliminated. RET ni retired, rider fúnra ẹ̀ ló gbọ́wọ́ sókè láàárín eré pé ó tó, ẹṣin ò sí nínú ara ẹ̀ lónìí. WD ni withdrawn, kò tiẹ̀ wọlé rárá. Ẹ má sọ pé rider tó retire ti fẹ̀yìn tì o, ọ̀la ẹ tún lè rí i lórí ẹṣin mìíràn.

Mo gbọ́ tí wọ́n ní: she got there long, had a rub at the oxer, and now he's on the wrong lead so she'll have to add to the planks. Ẹ tú u fún mi.

She ni rider, he ni ẹṣin, gelding àbí stallion. Wọ́n gbéra láti ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ ẹṣin kan ọ̀pá oxer àmọ́ kò bọ́, wọ́n balẹ̀ tán ẹsẹ̀ tó ṣáájú ò bá ìkọ́nà mu, nísinsìnyí ó máa fi stride kan kún ọ̀nà kí ọwọ́ ẹ̀ tó tẹ ẹṣin padà, pákó ló sì kàn. Ohun tí wọn ò sọ jáde ni pé fault 4 ń bọ̀.

Mo rí ọ̀pá tó bọ́ tí wọn ò fún un ní fault. Ṣé ojúsàájú ni?

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀pá bá tò lórí ara wọn lóòró, ti òkè pátápátá nìkan ni wọ́n ń kà. Tí ti ìsàlẹ̀ bá bọ́ tí ti òkè ṣì wà lórí cup ẹ̀, 0 ni. Bákan náà, tí ọ̀pá iwájú àti tẹ̀yìn oxer bá jọ bọ́, 4 ni, kì í ṣe 8. Àmọ́ ní combination, A lọ́tọ̀ B lọ́tọ̀, tí méjèèjì bá bọ́ 8 ni.

Òmíràn tó máa ń dá ìjà sílẹ̀: ẹṣin kọ̀, ó sì wó ìdènà lulẹ̀ bó ṣe ń dúró. Fault 4 ti kíkọ̀ nìkan ni, wọn ò ní ka ọ̀pá mọ́ ọn. Wọ́n á lu agogo, wọ́n á dá aago dúró kí wọ́n fi tún ìdènà náà tò, tí wọ́n bá tún lù ú kó máa bá eré lọ, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá 6 kún àsìkò ẹ̀. Time correction lorúkọ ẹ̀, òun ló fà á tí àsìkò tó jáde lójú tẹlifíṣọ̀n kì í fi bá èyí tẹ́ ẹ fi fóònù yín kà mu.